Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì da eèrí nù: lẹ́tà sí ẹni tó ń fọ àwo jáàsì fún wa

Ẹ̀gbọ́n wa ní Peckham,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àìsùn. Ẹ má bínú pé ojútáyé ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Èyí tí mo bá sọ fún yín lórí fóònù, ẹ̀rín lẹ máa ń fi gbà á. Ẹ ó ní "Mo ti gbọ́, àbúrò," ẹ ó sì lọ ṣe èyí tó wà nínú yín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń gbé àwo orin àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń fọ ariwo kúrò lára rẹ̀, tí wọ́n sì ń pín in fún àwọn tí orin náà ń gùn bíi tiwa. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá bá wọn wí, kí wọ́n gbà á.

Ní Sátidé tó kọjá, ẹ kọ̀wé sí gbogbo wa pé àyè ti tán nínú dírááfù yín. Ẹ ní gbogbo ẹ̀dà tútù, ìyẹn ohùn bó ṣe jáde lábẹ́ abẹ́rẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ fẹ́ pa wọ́n rẹ́, kó ku àwọn tí ẹ ti fọ̀. Ẹ wá bi wá pé, "Kí lẹ fẹ́ fi èérí ṣe?"

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yẹn ti wà lọ́kàn mi. Èsì mi ni pé kì í ṣe èérí, eèrí ni. Ẹ̀yin náà dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń sẹ́ ògì. Bí asẹ́ bá fún jù, ògì tó há sínú eèrí a máa pọ̀, ewúrẹ́ ni yóò sì jẹ ẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìjà ni mo bá wá, lọ́wọ́ yín ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ Bessie Smith bó ṣe yẹ ká gbọ́ ọ. "St. Louis Blues" tó kọ fún ilé-iṣẹ́ àwo Columbia ní oṣù kìíní 1925 ni: òun, Louis Armstrong tó ń fọn kọ́nẹ́ẹ̀tì, àti Fred Longshaw tó ń tẹ harmonium. Ẹ̀dà tí mo ní tẹ́lẹ̀, àfi bí ẹni ń din dòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Tiyín dé, mo ki íapíìsì bọ etí, mo sì gbọ́ bí dùrù náà ṣe ń mí. Irú dùrù tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ìyá ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni, èyí tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹwìrì sí bí alágbẹ̀dẹ. Mo jókòó sínú òkùnkùn ní Bódìjà, wọ́n ti mú iná lọ, bátìrì fóònù mi ti fẹ́ tán, obìnrin tó ti kú láti 1937 sì ń kọrin sí mi létí. Ẹni tó ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún mi, n kò jẹ́ sọ fún un pé kó má fọ àwo mọ́.

Ṣùgbọ́n mo ṣe ohun kan lẹ́yìn yín, mo sì fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ rántí "West End Blues" tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, èyí tí Armstrong àti ẹgbẹ́ Hot Five rẹ̀ ṣe ní Chicago ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 1928. Ẹ fi ẹ̀dà tútù rẹ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ náà. Mo gbé méjèèjì sínú kọ̀ǹpútà, mo tò wọ́n síra kí ìbẹ̀rẹ̀ wọn bára dọ́gba, mo wá yí ọ̀kan sódì kí ohun tó jọra nínú wọn lè pa ara rẹ̀ rẹ́. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni ohun tí ẹ yọ dànù. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tó wà nínú garawa eèrí ni.

Mo gbọ́ ariwo lóòótọ́, ó ń hó ṣàà bí òjò lórí páànù, ó sì ń ta pàràpàrà bí epo tí omi kán sí. Láàárín rẹ̀ ni mo ti gbọ́ fèrè Armstrong. Kì í ṣe odidi ohùn náà, etí rẹ̀ ni, ibi tó ti mú bí abẹ, bí ìgbà tí ènìyàn gé èékánná tó sì bá ìyókù rẹ̀ nílẹ̀. Mo gbọ́ Zutty Singleton pẹ̀lú, ẹni tó di aro kéékèèké mú lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ mọ bí àwo yẹn ṣe parí: Earl Hines ti sọ̀kalẹ̀ lórí píánò, gbogbo wọn ti fẹ́ dákẹ́, Singleton wá lu aro rẹ̀, "kò!", ó parí. "Kò" tó kẹ́yìn yẹn, odindi rẹ̀ ló wà nínú garawa. Nínú èyí tí ẹ fọ̀, orin náà kàn dákẹ́ ni, bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu.

Kì í ṣe ẹ̀bi etí yín. Ẹ fọ ojú àwo ogójì lóṣù yẹn, sọ́fútíwíà lẹ sì jẹ́ kó ṣe é. Ohun tó bá dé lójijì tó sì kú lójijì ni sọ́fútíwíà náà ń wá, torí bẹ́ẹ̀ ni ìhá ara àwo, ìyẹn ibi tí nǹkan ti ha á, ṣe máa ń dún. Bẹ́ẹ̀ náà ni aro ṣe ń dún, bẹ́ẹ̀ ni pákó tí onílù ń kàn ṣe ń dún. Fèrè tí wọ́n fọn kíkan náà, bí ẹ bá wo àwòrán ohùn rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, gọngọ ni, bí ẹ̀gún. Sọ́fútíwíà rò pé ìhá ni gbogbo wọn. Mo tilẹ̀ ti ń ro ọ́ pé tí a bá gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fún un ńkọ́? Láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ni yóò pa á rẹ́, yóò sì kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́.

Èyí tó kan 1923 ló tún dùn mí jù. Ní ọjọ́ 5 àti 6 oṣù kẹrin ọdún náà, King Oliver kó ẹgbẹ́ rẹ̀, tí Armstrong wà nínú rẹ̀, láti Chicago lọ sí Richmond ní Indiana, níbi tí ilé-iṣẹ́ píánò Starr ti ń ṣe àwo Gennett. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ náà wà lẹ́bàá ojú irin. Tí rélùwéè bá ń kọjá, gbogbo ènìyàn á dúró dè é. Kò sí makirofóònù, kò sí iná mànàmáná nínú iṣẹ́ náà: ìwo ńlá kan ni gbogbo wọn kọjú sí, atẹ́gùn ẹnu fèrè ló ń mi abẹ́rẹ́ tó ń gbẹ́ poro sínú ìda. Lil Hardin tó tẹ píánò níbẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ohùn Armstrong pọ̀ débi pé wọ́n ní kó lọ dúró lọ́nà jíjìn sí àwọn yòókù. Baby Dodds ò gbọdọ̀ lu ìlù ńlá rẹ̀ rárá, torí abẹ́rẹ́ lè fò kúrò nínú poro. Pákó ni wọ́n ní kó máa kàn.

Ẹ wò ó, Ẹ̀gbọ́n. Onílù tó mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n gba ìlù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní pákó. Ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá, kọ̀ǹpútà wá gba pákó náà. Nínú "Chimes Blues" tí ẹ fọ̀, níbi tí Armstrong ti dá fọn fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú àwo, pákó Dodds ti di ohun tí ènìyàn ń gbọ́ láti yàrá kejì.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ ó ní kí n wá fọ̀ ọ́ fúnra mi. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún gan-an nìyẹn: kí ẹ jẹ́ kí nǹkan wà tí èmi tàbí ẹlòmíràn lè tún fọ̀.

Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ti kọ́ wa lọ́gbọ́n lórí rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ ìtàn John R. T. Davies fún mi, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń fọn fèrè nínú ẹgbẹ́ Temperance Seven, tó tún wá di ọ̀gá nínú títún àwo jáàsì ṣe. Kó tó di pé kọ̀ǹpútà dé, á gba orin sórí téèpù, á wá ibi tí ariwo kọ̀ọ̀kan wà, á sì fi abẹ ha ojú téèpù níbẹ̀ níwọ̀nba. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Etí ènìyàn ló ń dájọ́, nítorí náà ìhá ló ń ha, kò ha aro. Robert Parker dé ní àwọn ọdún 1980, ará Ọsirélíà, ó sọ àwọn orin kan náà di sítíríò, ó fi ìdún yàrá ńlá kún wọn, BBC sì gbé e jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gba ibẹ̀ wọnú jáàsì. Èmi náà wà níbẹ̀: kásẹ́ẹ̀tì kan tí bọ̀dá mi rà ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà. Lónìí, létí mi, ó dà bíi pé inú balùwẹ̀ ni Jelly Roll Morton ti tẹ píánò. Ká ní àwọn tó ni àwo ti sọ pé Parker ti parí iṣẹ́, kí wọ́n da àwo nù, etí 1980 ni a ó máa fi gbọ́ orin 1926 títí ayé. Èyí tí ẹ fi etí tòní fọ̀, etí ọ̀la lè má gbà á.

Ohun mìíràn tún wà nínú ẹ̀dà tútù yàtọ̀ sí ariwo. Àwo àtijọ́ wọ̀nyẹn, oje tí kòkòrò kan ń tọ́ sára igi ní Íńdíà ni wọ́n pò mọ́ lúbúlúbú òkúta. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi òkúta sí i kó lè lọ abẹ́rẹ́ onírin títí yóò fi bá poro mu. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní kí ènìyàn pààrọ̀ abẹ́rẹ́ fún ojú àwo kọ̀ọ̀kan, ta ló sì ń pààrọ̀ rẹ̀? Abẹ́rẹ́ tó ti kú ló jẹ poro jẹ. Ṣùgbọ́n ibi tó jẹ nínú poro kì í ju ìwọ̀n kan lọ. Abẹ́rẹ́ tó nípọn ju ti ìgbà náà yóò gùn ún lápá òkè, èyí tó tín-ínrín yóò rì sísàlẹ̀, wọ́n á sì bá ibi tí ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀. Àwọn tó ṣe Great 78 Project, iṣẹ́ gbígba àwo tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan sórí kọ̀ǹpútà, fún Internet Archive, ilé ìkówèésí orí íńtánẹ́ẹ̀tì, mọ èyí. Abẹ́rẹ́ mẹ́rin ni wọ́n fi gba àwo kan lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò sì fọ ohùn rẹ̀ rárá. Poro tún ní ògiri méjì, ọ̀tún àti òsì. Orin kan náà ló wà lára méjèèjì, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ wọn kò dọ́gba. Ẹ̀yin fúnra yín máa ń gbà á ní ojú ọ̀nà méjì nítorí èyí, tí ẹ bá wá fọ̀ ọ́ tán, ẹ ó sọ ọ́ di ọ̀kan. Ẹ̀rọ tó bá dé lọ́dún mẹ́wàá sí i lè fi ògiri kan tún èkejì ṣe níbi tí apá tiwa ò ká. Kí ni yóò fi ṣe é bí a bá ti pa ọ̀kan rẹ́?

Kì í sì í ṣe jáàsì nìkan. Orin karùn-ún ti Beethoven tí Arthur Nikisch darí fún Berlin Philharmonic ní 1913, ojú àwo mẹ́jọ, ẹ fọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ibi tí ohùn gòjé ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fi kàn já sínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Caruso ní Milan ní 1902, nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ náà. Wọ́n san 100 pọ́n-ùn fún un kó lè kọ orin mẹ́wàá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kí ló dé tí ẹ tún wá ń bá a dín in kù?

Níbi tó ti wá kan ilé wa, ẹ gbọ́. Ní 1922, inú irú ìwo kan náà ni Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, kọrin Yorùbá sí ní London fún ilé-iṣẹ́ àwo Zonophone. Ìwo ò mọ "s" í gbà. Ohùn "s" àti "ṣ" àti "f" ga ju ibi tí agbára ìwo mọ, ìwọ̀nba tó bá sì wọlé, àárín híhó àwo gan-an ló máa ń sá pamọ́ sí. Nínú orin tí wọ́n kọ sínú ìwo, "Jésù" fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dún bí "Jéù". Ẹni tó bá gé híhó yẹn kúrò pátá ti gé ìyókù "s" náà. Ẹ lè sọ pé etí Yorùbá á gbé e ró fúnra rẹ̀, torí ohùn ọ̀rọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Òótọ́ ni, fún wa. Ọmọ tí wọ́n bí sí Houston tó fẹ́ kọ́ èdè bí àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ lọ́gọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ńkọ́? Ọmọ yẹn nílò "s" yẹn ju bí mo ṣe nílò ìtura etí lọ.

Ní ti àyè, mo ti bá yín ṣírò rẹ̀. Ojú àwo kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta, bí ẹ ṣe ń gbà á ní 96 kHz àti 24 bit (ìwọ̀n bí ohùn ṣe kún tó nínú fáìlì), ojú ọ̀nà méjèèjì, kò ju nǹkan bí 100 mẹ́gábáìtì lọ. Tí ẹ bá ní ojú àwo 2,000, 200 gígábáìtì nìyẹn. Dírááfù tí ènìyàn lè fi sí àpò ṣòkòtò gba ìlọ́po rẹ̀ mẹ́rin, àyè á sì ṣẹ́kù. Ẹ̀gbọ́n, mo mọ iye tí ẹ san fún abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́ síta, ìyàwó yín lè máa ka lẹ́tà yìí.

Ẹ tún sọ nǹkan kan nípa òfin, pé bóyá ó kúkú sàn kí fáìlì má pọ̀ lọ́wọ́ yín. Lọ́dọ̀ yín ní Ìlú Ọba, ẹ̀tọ́ lórí ohùn inú àwo tí wọ́n gbé jáde ṣáájú 1963 ti parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin fúnra rẹ̀ yàtọ̀, tó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Amẹ́ríkà ló há díẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2018 dá gbogbo àwo tó ṣáájú 1923 sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2022, ti 1923 tẹ̀ lé e ní 2024, ti 1924 ní 2025, ti 1925 ní 2026. Nítorí náà Bessie Smith wa yẹn ti bọ́. "West End Blues" kò ní í bọ́ níbẹ̀ títí di 2029, kí ọ̀rẹ́ wa tó wà ní Houston ní sùúrù. Ṣùgbọ́n kò sí òfin kankan tó ní kí ẹ pa ohun tí ẹ fi owó yín rà tí ẹ sì fi ọwọ́ yín gbà sílẹ̀ rẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ orin Sony àti Universal wà lára àwọn tó pe Internet Archive lẹ́jọ́ ní 2023 nítorí àwọn àwo 78 yẹn, wọ́n sì bá ara wọn parí rẹ̀ ní 2025. Ohun tí èmi rí kọ́ nínú ẹjọ́ náà ni pé kò yẹ kí orin wà lójú kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ ilé ìkówèésí tó tóbi jù, ì báà jẹ́ yàrá ẹ̀yìn ní Peckham.

Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà tútù máa bá èyí tí ẹ fọ̀ rìn. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ojú àwo sí i, kí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára àwo létí bébà àárín rẹ̀ hàn, torí òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n gbà á àti bóyá ìgbà àkọ́kọ́ ni tàbí wọ́n tún un kọ. Ẹ kọ ìwọ̀n abẹ́rẹ́ tí ẹ lò. Ẹ sì kọ iye ìgbà tí ẹ jẹ́ kí àwo yí ní ìṣẹ́jú kan, torí ẹ mọ̀ jù mí lọ pé 78 tí wọ́n kọ sí i, àsọdùn ló máa ń jẹ́ nígbà mìíràn, pàápàá láyé ìwo. Èyí tí ẹ gbé ti Caruso sí, mo rò pé ó yá jù. Bàbá náà ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún.

Àwa tí à ń gbà lọ́wọ́ yín ti dá owó jọ, ó ti tó dírááfù méjì. Ọ̀kan á wà lọ́dọ̀ yín, ọ̀kan á wà lọ́dọ̀ mi níbí, mo sì ti ní ìfátà tí kò ní jẹ́ kí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ bà á jẹ́. Àbúrò mi obìnrin ń bọ̀ wá sí London lọ́sẹ̀ kejì oṣù tó ń bọ̀, ó ti gbà láti kó méjèèjì wá bá yín, yóò sì gbé tèmi padà. Ó ní kí ẹ má ní kó bá yín gbé garí, ẹrù rẹ̀ ti kún.

Kó tó dé, ẹ bá mi ṣe ẹyọ kan. Ẹ gbé "West End Blues" yẹn padà sórí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sí ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn, ẹ pa sọ́fútíwíà níbẹ̀, kí ẹ sì dá "kò" Singleton padà fún un.

Èmi ni tiyín,
àbúrò yín ní Bódìjà